Ìtàn ni, àbí ìtàn? Ìdí tí ìwé ìfẹ́ ayé àtijọ́ fi ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀

Ẹ̀dà kan ṣoṣo la ní, àwa mẹ́fà la sì jọ ń kà á. Nígbà tó fi máa padà dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀yìn ìwé náà ti bó, epo àkàrà ti ta sí ojú ìwé bíi mẹ́rin, téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ sì wà láàárín rẹ̀. Ojú ìwé 127 ni mo ṣí lọ. Ẹnì kan ti fi báírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "IRỌ́!" Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ẹlòmíràn fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wẹ́wẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gbádùn ara wa."

Mo mọ àwọn méjèèjì. Bàbá Tíṣà ló ni báírò pupa. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ẹ̀kọ́ Ìtàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà ní ìsọ̀ télọ̀ wa ní Dégùn, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ló ni pẹ́ńsù. Ìsọ̀ náà la ti máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìwé tí wọ́n torí ẹ̀ ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ jẹ́ ìtàn ìfẹ́ kan tí òǹkọ̀wé rẹ̀ gbé kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892. N ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ńṣe ni mò ń polówó rẹ̀ tàbí pé mò ń bà á jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tí wọ́n ń bi mí ṣáá: báwo ni ènìyàn mẹ́fà ṣe máa ka ìwé kan náà, tí ọ̀kan á máa nu omijé, tí èkejì á máa pòṣé?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà ní ojú ìwé 127 yẹn. Ọjọ́ Òjúde Ọba ni. Ọmọkùnrin náà, ọmọ olówó, gun ẹṣin funfun kọjá. Ìlù ń dún. Ọmọbìnrin náà gbé àtẹ obì lórí, ojú wọn ṣe mẹ́rin, obì dà sílẹ̀. Òǹkọ̀wé náà mọ iṣẹ́ rẹ̀: ó dá ẹṣin dúró, ó jẹ́ kí ọmọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ tòun ti agbádá, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa obì lọ́kọ̀ọ̀kan nínú eruku. Èmi gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á.

Irọ́ tí Bàbá Tíṣà ń wí nìyí. Òjúde Ọba tí gbogbo wa mọ̀, tó ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tí àwọn ìdílé Balógun sì máa ń gẹṣin, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ló ti ṣẹ̀ wá. Balógun Kúkù, olówó àti jagunjagun, ni wọ́n máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1902 ni ìtàn sì sọ pé Kúkù gba Ìsìláàmù. Ẹ wá fi 1892 yọ kúrò nínú 1902. Ẹṣin òǹkọ̀wé yìí ti ń sáré fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó dá ọdún tó wá ṣe sílẹ̀.

Ní Sátidé tọ́rọ̀ yìí délẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi síṣọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Sà, ṣé ẹṣin ò sí ní Ìjẹ̀bú ṣáájú 1902 ni?"

"Ẹṣin wà."

"Obì ńkọ́ sà?"

"Obì wà."

"Ọmọkùnrin tó rẹwà ńkọ́?"

A rẹ́rìn-ín títí, Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Kò sì yẹ kí wọ́n yí i padà. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ibi tó ti dojú rú ni pé wọ́n rò pé ohun kan náà làwọn ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni "ìtàn". Ìtàn ni Bàbá kọ́ ní ilé ìwé: ọdún, ogun, ọba tó jẹ, ọba tó wàjà. Ìtàn ni wọ́n ń pè é tí àgbàlagbà bá ń sọ bí Ọbańta ṣe wọ ìlú. Ìtàn náà la tún ń pe ohun tí ẹnì kan jókòó sílé tó rò látinú orí ara rẹ̀. Orúkọ kan, ẹrù méjì. Àlọ́ ò ní irú wàhálà yìí, torí àlọ́ ní ilẹ̀kùn. Apàlọ́ á ní "Ààlọ́ o!", ẹ̀yin á ní "Ààlọ̀!", ìdáhùn yẹn ló di àdéhùn. Láti ibẹ̀ lọ, ìjàpá lè sọ̀rọ̀, igi lè rìn, kò sẹ́ni tó máa fi báírò pupa kọ "irọ́" sí ìjàpá lára. Ìwé ìfẹ́ ayé àtijọ́ ò ní ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Bó o bá ṣí i báyìí, o ti wà nínú ilé. Awùjalẹ̀ tó jẹ lóòótọ́ wà lórí ìtẹ́, ọmọbìnrin tí ìyá kan ò bí rí wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń sọ̀rọ̀.

Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ti bá wa yanjú ẹ̀ díẹ̀ nínú orúkọ tí wọ́n fún irú ìwé báyìí: ìtàn àròsọ, ohun tí ènìyàn rò tó sì sọ. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú ìwé tiwa náà, "ìtàn àròsọ", ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, "1892" tóbi bí ilé. Ta ni ká wá dá lẹ́bi?

Irú ìwé yìí máa ń ṣe ìlérí méjì fún ẹni tó bá rà á, bí kò bá tiẹ̀ sọ ọ́ jáde. Èkíní ni pé ìfẹ́ ni òpó ilé. Ogun lè wà, ìyàn lè mú, ṣùgbọ́n ohun tó gbé ìwé ró ni pé ẹni méjì rí ara wọn, nǹkan yà wọ́n, wọ́n sì tún rí ara wọn. Tọkọtaya gbọ́dọ̀ jọ wà láàyè ní ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ẹni tó ti ka irú rẹ̀ bíi mẹ́wàá mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́ kíkà. Kò wá síbẹ̀ láti wá mọ̀ bóyá wọ́n á fẹ́ra, bí wọ́n ṣe máa fẹ́ra ló wá wò. Ẹni tí kò kà á rí á ní, "Wọ́n kàn ń tan ara wọn jẹ ni, gbogbo ènìyàn kọ́ ni ogun ń dá sí." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìkọ́kọrẹ́ ò lè bínú pé òun ò rí iyán nínú rẹ̀.

Ìlérí kejì ni pé ayé àtijọ́ tí ìwé náà ń sọ máa jẹ́ ayé àtijọ́ lóòótọ́, kì í ṣe àwa tòde òní tí wọ́n kàn wọ aṣọ òfì fún. Àwọn ìlérí méjèèjì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn lọ. Ìfẹ́ ń fẹ́ kí ènìyàn yè. Ọdún 1892 pa ènìyàn.

Ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn ò lè mọ ìdí tí ara ṣe ń ta àwọn àgbà wa bí wọ́n bá ń ka ìwé yìí. Ìjẹ̀bú ló wà láàárín ọ̀sà àti òkè. Ọjà tó ń tọ̀dọ̀ òyìnbó bọ̀ àti èyí tó ń ti Ìbàdàn àtòkè bọ̀, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti máa ń pàdé, ní ọjà bí Ẹ̀jìnrìn, owó bodè sì ń wọlé. Àlejò ò gbọ́dọ̀ kàn la ilẹ̀ náà kọjá lọ ra ọjà fúnra rẹ̀. Àwọn òyìnbó Èkó ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1891, Denton tó ń delé fún gómìnà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì bínú padà, ó ní wọ́n tàbùkù òun. Ní oṣù kìíní 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú ṣe àdéhùn ní Èkó pé ọ̀nà máa ṣí, wọ́n á sì máa gba £500 lọ́dọọdún dípò owó bodè. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọn ò jẹ́ kí àlùfáà kan kọjá. Gómìnà Carter bá kó ogun jáde. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, ní Ìmàgbọn, àwọn jagunjagun Awùjalẹ̀ Túnwàṣe pàdé ìbọn Maxim, ìbọn òyìnbó tó ń yìn léraléra láìdáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀tá ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Inú ogun yìí ni ọmọkùnrin ẹlẹ́ṣin funfun náà wọ̀, inú rẹ̀ náà ló sì ti jáde, apá kan ṣoṣo ni ìbọn bà. Àwọn kan nínú wa pàtẹ́wọ́. Bàbá Tíṣà ní, "Ẹni tó bá yè níwájú Maxim, kó wá ṣàlàyé bó ṣe yè fún wa." Mo rò pé ìbéèrè tó dáa nìyẹn, ó sì ju "irọ́" lọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ogun ló kú ní Ìmàgbọn. Àwọn tó yè wà, wọ́n bímọ, àwa náà rèé. Ẹnì kan lè yè. Ohun tí òǹkọ̀wé jẹ wá ní gbèsè ni ọ̀nà tó gbà yè. Ojú ìwé méjì péré ló fi kọjá níbẹ̀, ó ti ń kánjú lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin.

Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa, tó ń wá láti Ṣàgámù, tún bínú fún nǹkan tí kò sẹ́ni tó rò ó nínú àwa ará Òde. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Rẹ́mọ jáde nínú ìwé yín," ló wí, bí ẹni pé àwa la kọ ọ́. "Ìránṣẹ́ kan gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá." Mo padà lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣàgámù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1872 ti di ogún ọdún nígbà ogun Ìmàgbọn. Kò sì ju ọdún méjì lẹ́yìn ogun lọ, ní 1894, tí Akárígbò, ọba Rẹ́mọ, bá ìjọba Èkó tọwọ́ bọ̀wé tiwọn lọ́tọ̀, tí Rẹ́mọ fi wà lábẹ́ Èkó títí di 1914 tí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ ẹkùn Ìjẹ̀bú. Ìlú tó rí báyìí ní ìtàn tirẹ̀ nípa 1892, ó sì lè má jẹ́ ẹkún kan náà ni wọ́n ń sun. Òǹkọ̀wé lè sọ pé ìwé òun ò gba gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́. Nọ́ọ̀sì náà ní ẹ̀tọ́ láti má fún un ní máàkì kankan.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbi tí mo rò pé ó yẹ kí ìjà wa ti wáyé. A lo ohun tó ju wákàtí kan lọ lórí ẹṣin. Bóyá la lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà.

Ìwọ̀fà ni ọmọbìnrin náà. Bàbá rẹ̀ yáwó fi sìnkú, ó sì fi í sílé bàbá ọmọkùnrin náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka irú ìwé yìí máa ń rò pé ìwọ̀fà àti ẹrú, ìkan náà ni. Rárá o. Wọ́n ra ẹrú tàbí wọ́n mú un lógun, olówó rẹ̀ ló ni ín. Ìwọ̀fà ò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ọmọ wọn ló ṣì jẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó ló dúró fún èlé, kì í sì í dín gbèsè kù. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó tí wọ́n yá, ọjọ́ náà ló ń lọ sílé. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta, ó lè jẹ́ ogún ọdún.

Nínú ìwé, ọmọkùnrin náà ń wọ yàrá ọmọbìnrin yìí lóru. Nígbà tó yá, ó ta ẹṣin funfun náà, ó san gbèsè rẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sunkún níbẹ̀, kò sì fi bò. Àlájà tó ń ta aṣọ òkè, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló kàn béèrè pé: "Ta ló bi ọmọbìnrin yẹn léèrè?"

Ibi tí nǹkan ti yí padà fún mi nìyẹn. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi dógò, nínú ilé àwọn tí bàbá rẹ̀ jẹ ní gbèsè, ṣé ó lè sọ fún ọmọ olówó pé kó jáde? Àwọn kan á ní ojú ayé òde òní la fi ń wo ayé ìgbà yẹn, pé wọn kì í bi ọmọbìnrin léèrè nígbà náà. Èyí gan-an ni mi ò gbà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó kàwé dáadáa nípa àṣà ìgbéyàwó wa: ìfojúsóde, alárinà, ìṣíhùn, ìtọrọ, ìdána. Ìṣíhùn wà níbẹ̀, ó ní ààyè tirẹ̀. Ìgbà tí ọmọbìnrin bá la ẹnu pé òun gbà ni, àwọn kan ń pè é ní ìjọ́hẹn. Ayé àtijọ́ ò dára tó bí a ṣe ń sọ ọ́ nígbà míì, a sì mọ̀ pé wọ́n fi ipá fún àwọn mìíràn lọ́kọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Àlájà kì í ṣe ti òde òní. Àwọn ìyá ńlá wa ti ń béèrè ẹ̀.

Ó tún kù. Àlùfáà Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀fà tó jẹ́ obìnrin. Ó ní bí olówó bá bá a lò pọ̀, gbèsè ti parẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó fi ipá mú un, gbèsè á parẹ́, olówó á tún san owó ìtanràn ńlá. Ọ̀yọ́ ni Johnson ti ṣiṣẹ́ àlùfáà, nǹkan ibẹ̀ ló mọ̀ jù, nítorí náà mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí gẹ́lẹ́ ní Ìjẹ̀bú. Olówó fúnra rẹ̀ ni Johnson sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ olówó. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣe sí ìwé wa. Bí irú òfin yìí bá dé ilé náà, gbèsè ti kú láti òru àkọ́kọ́. Ẹṣin tí ọmọkùnrin yẹn tà, tí gbogbo wa torí ẹ̀ ń sunkún, gbèsè tí kò sí mọ́ ló fi san. Àwọn ará ilé ọmọbìnrin ló yẹ kó máa gbowó.

Ẹni tí kò mọ èyí á rí ìfẹ́ tó ga. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á rí òǹkọ̀wé tí kò béèrè. Mo gbà pé ìdí tí ìdájọ́ wọn fi jìnnà síra rèé, kì í ṣe pé ọ̀kan ní ọkàn tí èkejì ò ní. Ìdí rèé náà tí mo fi sọ pé àṣìṣe ẹṣin kéré. Ẹ yọ Òjúde Ọba kúrò, ẹ fi ọdún mìíràn síbẹ̀, ìwé náà ò ní ṣubú (kó má ṣáà jẹ́ Agẹmọ o, obìnrin kì í wò ó, ojú wọn ò ní ṣe mẹ́rin níbẹ̀). Ṣùgbọ́n ẹ yọ gbèsè ìwọ̀fà kúrò, ìwé ò sí mọ́. Àṣìṣe tó wà lára aṣọ yàtọ̀ sí èyí tó wà ní ìpìlẹ̀ ilé, bẹ́ẹ̀ sì ni tara aṣọ ni gbogbo wa máa ń tètè rí.

Lórí èdè, n ò ní pẹ́. Òǹkọ̀wé jẹ́ kí àwọn àgbà inú ìwé sọ Ìjẹ̀bú, wọ́n ń sọ "ulé" dípò "ilé", àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú èmi dùn sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Ọ̀ṣun tí mo yá ìwé náà fún ọjọ́ mẹ́ta ní ó dà bíi pé òun ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta. Télọ̀ tó ni ìsọ̀ ò rí nǹkan sọ sí i, torí ojú ìwé 40 ló ṣì wà láti bí oṣù méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ mú irú ìwé yìí, ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síbẹ̀: èyí ṣẹlẹ̀, èyí mo rò ó, mo mú ọdún yìí wá síwájú nítorí báyìí báyìí. Ojú ewé kan péré ti tó. Òun ni "Ààlọ́ o!" tí ìwé ò ní ní ìbẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé tiwa ò kọ nǹkan kan síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé náà nìyẹn. Ká ní ó kọ ìlà kan péré pé òun mọ̀ pé Òjúde Ọba ò tíì sí, báírò Bàbá ì bá gbẹ sápò.

Lẹ́yìn tí mo kọ gbogbo èyí tán, mo tún ṣí ìwé náà dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Tọkọtaya náà ti darúgbó, wọ́n jókòó sábẹ́ igi obì, ọmọbìnrin tó ti di ìyá àgbà ń ka ọdún lórí ìka. Báírò pupa tún wà níbẹ̀. Máàkì ni, ọ̀kan ṣoṣo, tó tóbi, irú èyí tí wọ́n máa ń fún ọmọ tó bá gbà á. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ já ìwé gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré gbé e lọ síwájú Bàbá, ó ń pariwo pé ìfẹ́ ti mú wọn, pé wọ́n ti rọ̀.

Bàbá Tíṣà yọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka tọ́ ìlà tí wọ́n máàkì. Ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, 1892. Wọ́n ní déètì ló gbà.